Muda Lawal: Mẹkáníìkì tó di ọ̀gá láàrin pápá, tí gómìnà ológun tú ẹgbẹ́ rẹ̀ ká

Láàrin àwọn agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Nàìjíríà tí wọ́n ti papò dà, díẹ̀ ni orúkọ wọn ṣì máa ń dùn létí àwọn àgbà tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù bí orúkọ Mudashiru Babatunde Lawal, ẹni tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Muda Lawal. Ìgbà márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó bá Nàìjíríà lọ síbi ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà, láti ọdún 1976 títí di ọdún 1984, òun sì ni wọ́n kà sí ẹni àkọ́kọ́ ní gbogbo Áfíríkà tó ṣe irú rẹ̀. Ó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n nínú àṣekágbá méjì, ọ̀kan tí Nàìjíríà borí, àti ọ̀kan tí ó fìdí rẹmi. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí ọkùnrin yìí fi ọdún tó dára jù lọ nínú ayé rẹ̀ sìn kò rí ẹni gbà á sílẹ̀ ní ọjọ́ tí ìjọba bínú sí i.

Ní ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹfà, ọdún 1954 ni wọ́n bí i nílùú Abẹ́òkúta. Kì í ṣe ọmọ ọlọ́lá. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni ó ń ṣe kí ọwọ́ rẹ̀ lè máa tẹ́nu, ó sì ń fi bọ́ọ̀lù gbígbá kún un. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ òbí nílẹ̀ Yorùbá ka bọ́ọ̀lù sí eré ọmọ aláìníṣẹ́, wọn kì í sì í fi ojú rere wo ọmọ tó bá fi ìwé tàbí iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ọmọ tó ń tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yóò di ẹni tí ààrẹ orílẹ̀-èdè yóò bọ̀ lọ́wọ́ níwájú ogunlọ́gọ̀ ènìyàn.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá kan láti ilẹ̀ Yugoslavia ni orí rán sí i. Tihomir Jelisavčić ni orúkọ ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n Father Tiko ni gbogbo Nàìjíríà ń pè é. Òun ni ó ń tọ́jú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè ní àárín ọdún 1970 sí 1980, kì í sì í wo ẹnu àwọn alágbára kó tó mú agbábọ́ọ̀lù. Ó rí Lawal, ó rí i pé ọ̀dọ́mọkùnrin náà kì í rẹ̀, pé ó mọ ibi tí bọ́ọ̀lù máa já sí kí bọ́ọ̀lù tó débẹ̀, ó sì mú un wọ ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè ní ọdún 1975. Bí mẹkáníìkì ṣe di Green Eagle nìyẹn.

Ní ìlú Ìbàdàn ni Lawal fìdí kalẹ̀ sí, nínú ẹgbẹ́ Shooting Stars. Ó yẹ kí òǹkàwé mọ bí ẹgbẹ́ yìí ṣe wà, nítorí ibẹ̀ ni gbòǹgbò ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́yìn ọ̀la wà. Iléeṣẹ́ ìdàgbàsókè ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà, WNDC, ló kọ́kọ́ ni ẹgbẹ́ náà, orúkọ iléeṣẹ́ yìí ni wọ́n sì fi gba ife Challenge Cup ní ọdún 1971. Nígbà tó yá, ó di IICC, lẹ́yìn náà ni ó di 3SC. Bọ́ọ̀lù gbígbá kò tíì di iṣẹ́ oojọ́ ní Nàìjíríà nígbà náà. Iléeṣẹ́ ìjọba, ọlọ́pàá, rélùwéè, báńkì àti àwọn ọlọ́jà ńláńlá ló ni ẹgbẹ́. Wọ́n á gba agbábọ́ọ̀lù síṣẹ́, wọ́n á máa san owó oṣù fún un, á sì máa gbá bọ́ọ̀lù fún wọn. Kò sí ìwé àdéhùn tó ń dáàbò bo agbábọ́ọ̀lù. Ẹni tó ni iléeṣẹ́ ló ni ẹgbẹ́, ẹni tó ni ẹgbẹ́ ló sì ń pàṣẹ.

Ọdún 1976 ni ọdún tí ìràwọ̀ IICC tàn jù. Wọ́n gba líìgì orílẹ̀-èdè. Ní ọdún kan náà, wọ́n wọ ìdíje àwọn ẹgbẹ́ tó gba ife ẹ̀yẹ ní Áfíríkà, wọ́n sì dé àṣekágbá, níbi tí wọ́n ti pàdé Tonnerre ti ìlú Yaoundé, ẹgbẹ́ tí Roger Milla ń gbá bọ́ọ̀lù fún. Àròpọ̀ ayò mẹ́rin sí méjì ni IICC fi borí. Kò sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan tó tíì gba ife ilẹ̀ Áfíríkà rí ṣáájú wọn. Níbikíbi tí rédíò bá ń dún dé, láti Ìbàdàn títí dé Ìgbàjà àti Òmù-Àrán nílẹ̀ Ìgbómìnà, orúkọ Segun Odegbami, Felix Owolabi, Best Ogedegbe aṣọ́lé àti Muda Lawal ni ó gba ẹnu àwọn èwe.

Kò sí adùn tí kò ní ìkorò tirẹ̀. Ní ọdún kan náà, Nàìjíríà yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ìdíje Òlíńpíìkì ti ìlú Montreal, nítorí pé àwọn agbá-rọ́gíbì ilẹ̀ New Zealand lọ bá South Africa ẹlẹ́yàmẹ̀yà ṣeré. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà ló ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tó tọ́ ni wọ́n sì ṣe, ṣùgbọ́n àwọn agbábọ́ọ̀lù ni wọ́n san gbèsè náà. Ní ọdún 1977, IICC tún pàdé Rangers ti Enugu ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá ìdíje Áfíríkà. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní ọdún méje sẹ́yìn ni, ọ̀rọ̀ náà sì ti kúrò ní eré lásán lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Òmì ni wọ́n gbá ní Èkó, òmì náà ni wọ́n gbá ní Kaduna, pẹnáritì ló sì gbé Rangers lọ síwájú. Rangers ló gba ife náà níkẹyìn. Nínú oṣù kọkànlá ọdún náà, Nàìjíríà pàdánù lọ́wọ́ Tùnísíà ní Èkó, nígbà tí Godwin Odiye fi orí gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n ara wọn. Báyìí ni àǹfààní láti lọ síbi Ife Àgbáyé ọdún 1978 ṣe bọ́.

Àsìkò yìí ni àwọn agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ lọ sí Amẹ́ríkà. Àwọn yunifásítì ibẹ̀ ń fún wọn ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kí wọ́n lè máa gbá bọ́ọ̀lù fún wọn. Odiye fúnra rẹ̀ lọ sí Yunifásítì San Francisco, níbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà mìíràn ti ń ṣe bẹbẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà kò tẹ́jú bí wọ́n ṣe rò. Ife tí yunifásítì náà gbà ní ọdún 1978, àwọn aláṣẹ eré ìdárayá kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà gbà á padà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní ọmọ Nàìjíríà kan nínú wọn kò kún ojú òfin láti gbá bọ́ọ̀lù fún iléèwé. Níbẹ̀, òfin pọ̀ débi pé ó lè pa iṣẹ́ tó ti parí rẹ́. Nílé, òfin kò pọ̀ tó láti dáàbò bo ẹnikẹ́ni.

Lawal kò bá wọn lọ. Nàìjíríà ṣe ipò kẹta ní Ethiopia ní ọdún 1976, wọ́n tún ṣe ipò kẹta ní Ghana ní ọdún 1978, ó wà níbẹ̀ nígbà méjèèjì. Nígbà tí Father Tiko lọ, Otto Glória láti ilẹ̀ Brazil dé, ọkùnrin tó darí Portugal dé ipò kẹta nínú Ife Àgbáyé ọdún 1966. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun sábà máa ń kó ènìyàn tirẹ̀ wọlé, á sì ti àwọn tó bá nílẹ̀ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá tó, kò sí èyí tó rí ìdí tí yóò fi yọ Lawal kúrò láàrin pápá.

Ní ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹta, ọdún 1980, pápá ìṣeré ìjọba àpapọ̀ ní Sùúrùlérè, Èkó, kún fọ́fọ́. Nàìjíríà ń bá Algeria du ife. Odegbami gbá méjì wọlé kí wọ́n tó lọ fún ìsinmi. Kò pẹ́ tí wọ́n padà dé tí Lawal fi ẹ̀kẹta lé e, ọ̀rọ̀ sì parí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Nàìjíríà gba ife náà. Ààrẹ Shehu Shagari wà níbẹ̀, ìjọba sì fi oyè dá àwọn agbábọ́ọ̀lù náà lọ́lá. Ohun kan wà tí àwọn ará Ìbàdàn kì í gbàgbé láti kà: Owolabi ló gbá ayò kan ṣoṣo tí wọ́n fi na Morocco ṣáájú àṣekágbá, Odegbami àti Lawal ló sì gbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti àṣekágbá. Ọmọ IICC ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ní Líbíyà ní ọdún 1982, Nàìjíríà kò lè dá ife náà dúró. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1984, ọ̀pọ̀ nínú ẹgbẹ́ Lawal ti kúrò lójú pápá. Adegboye Onigbinde, ọmọ Yorùbá láti Modákẹ́kẹ́, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun, àwọn ọ̀dọ́ bí Stephen Keshi àti Rashidi Yekini ló sì kó lọ sí Côte d'Ivoire. Lawal ni àgbà láàrin wọn. Wọ́n fi pẹnáritì mẹ́jọ sí méje yọ Íjíbítì dànù. Nínú àṣekágbá pẹ̀lú Kamẹrúùnù ní Abidjan, Lawal ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, kò tíì ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tí eré bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n mẹ́ta ni Kamẹrúùnù dá padà.

Ohun tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ló burú jù. Shooting Stars gba líìgì ní ọdún 1983, nítorí náà wọ́n wọ ìdíje àwọn ẹgbẹ́ aṣáájú ní Áfíríkà ní ọdún 1984, wọ́n sì dé àṣekágbá. Zamalek ti ìlú Cairo fi ayò méjì sí òdo nà wọ́n nílé tiwọn, wọ́n tún wá fi ọ̀kan sí òdo nà wọ́n ní Èkó nínú oṣù Kejìlá. Àwọn ológun ló ń ṣèjọba nígbà náà. Oladayo Popoola ni gómìnà ológun ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Dípò kí ìjọba dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó dé ibi tí ẹgbẹ́ díẹ̀ dé rí, ṣe ni ó tú ẹgbẹ́ náà ká. Ẹgbẹ́ kejì tó dára jù ní Áfíríkà lọ́dún náà kò sí mọ́ nítorí pé ó pàdánù àṣekágbá.

Bí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ṣe ń sunkún ni àwọn agbábọ́ọ̀lù ń wá ibi tí wọn yóò forí pamọ́ sí. Kò sí ìwé àdéhùn tí wọ́n lè gbé lọ sílé ẹjọ́. Olóyè Moshood Abiola ti dá ẹgbẹ́ tirẹ̀, Abiola Babes, sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ibẹ̀ sì ni Yekini gbà lọ. Lawal náà padà sí ìlú tí wọ́n ti bí i, láti gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ olówó kan lẹ́yìn tó ti gbá a fún ẹgbẹ́ ìjọba. Ọdún 1985 ló gbá bọ́ọ̀lù kẹ́yìn fún Nàìjíríà. Ìgbà 86 ni ó wọ aṣọ orílẹ̀-èdè, ó sì gbá ayò 12 wọlé.

Ìjọba tún Shooting Stars dá sílẹ̀ nígbà tó yá. Ní ọdún 1990, wọ́n sọ líìgì Nàìjíríà di ti àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́ oojọ́, pé kí agbábọ́ọ̀lù ní àdéhùn, kí ẹgbẹ́ sì sanwó kí ó tó gba ẹlòmíràn. Ní ọdún 1992, Shooting Stars gba ife mìíràn ní Áfíríkà. Lawal kò sí níbẹ̀ láti wò ó. Ní ọjọ́ kẹfà, oṣù keje, ọdún 1991, ikú pa ojú rẹ̀ dé. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì péré ni.

Láti ìgbà náà, Nàìjíríà ti gba Ife Áfíríkà nígbà méjì sí i, ní ọdún 1994 àti 2013, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gbà á sì ń jẹun ní Yúróòpù, níbi tí òfin ti dá ẹ̀tọ́ agbábọ́ọ̀lù mọ̀ láti ìgbà ẹjọ́ Bosman ní ọdún 1995. Nílé, àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ ṣì ni wọ́n ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, gómìnà tuntun sì lè tú ohun tí gómìnà àná kọ́ ká. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí èyí ń ná ènìyàn, kí ó ka ìtàn ọdún 1984: ní oṣù kẹta, Lawal gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n fún Nàìjíríà nínú àṣekágbá, kí ọdún tó ó yí po, kò ní ẹgbẹ́ kankan nílùú Ìbàdàn mọ́.