Sa'd ibn Abi Waqqas: Ọmọ Tí Kò Ta Ẹ̀sìn Nítorí Ìyá

Bí òbí bá pàṣẹ ohun tí Ọlọ́hun kọ̀, kí ni ọmọ yóò ṣe? Ìgbésí ayé Sàhábà ńlá yìí dáhùn ìbéèrè náà.

Ọmọ Mẹ́kà ni Sa'd, láti ìdílé Zuhra tí Amina, ìyá Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), ti wá. Ó wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gba Ìsìláàmù, ọ̀dọ́ sì ni nígbà náà. Nígbà tí ìyá rẹ̀ gbọ́, ó búra pé òun kò ní jẹ, òun kò ní mu, òun kò sì ní bá a sọ̀rọ̀ àfi bí ó bá fi ẹ̀sìn náà sílẹ̀. Ẹ̀sìn yìí kan náà ni ó tún fi dè é: ó ní ṣebí Ọlọ́hun ló pa á láṣẹ kí ó máa ṣe dáadáa sí òbí. Nígbà tí ó di ọjọ́ mẹ́ta, ìyá dákú. Ọmọ rẹ̀ mìíràn, Umara, ló fún un lómi. Sa'd kò yẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ló fa ìsọ̀kalẹ̀ ìdájọ́ tí ó wà nínú Súúrà Luqman, ẹsẹ 15. Apá méjì ni: kí ọmọ má tẹ̀lé òbí lọ sínú ẹbọ, èyí tí ẹsẹ 13 kà sí àbòsí ńlá, ṣùgbọ́n kí ó máa bá wọn gbé pẹ̀lú dáadáa.

Ní ogun Uhudi, ní ọdún 625, bí Sa'd ti ń ta ọfà, Ànábì fi bàbá àti ìyá òun méjèèjì ṣe ìràpadà fún un. Òun ló ṣáájú àwọn Mùsùlùmí ní Qadisiyya ní nǹkan bí ọdún 636, òun náà ló tẹ ìlú Kufa dó. Nígbà tí àwọn Mùsùlùmí dojú ìjà kọ ara wọn lẹ́yìn ikú Uthman ní 656, kò gbé idà sí ẹnikẹ́ni nínú wọn. Mẹ̀dínà ni wọ́n sin ín sí.

Ẹ̀yin ará, àwọn kan nínú wa mú apá kìíní ìdájọ́ náà, wọ́n ń fi bú òbí wọn. Àwọn mìíràn mú apá kejì, wọ́n ń bá òbí jẹ ogún ọmọ òrukàn. Kọ àṣẹ náà, má kọ òbí. Ọjọ́ tí o bá kọ̀ láti jẹ́rìí èké fún bàbá rẹ, ọjọ́ náà gan-an ni kí o pọn omi ìwẹ̀ rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fi ẹsẹ̀ wa rinlẹ̀, kí Ó sì kẹ́ àwọn òbí wa. Àmín.