Àáfà Licutan: Ẹrú Tí Wọn Kò Rí Ọkàn Rẹ̀ Dè

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ọmọ Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Nàgó, ni Àáfà Licutan. Wọ́n kó o lẹ́rú lọ sí Bahia, ní ilẹ̀ Brazil. Iṣẹ́ tábà ló ń ṣe fún ọ̀gá rẹ̀, dókítà kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn Mùsùlùmí dá owó jọ láti rà á padà. Ọ̀gá náà kọ̀. Ní Nòfẹ́ńbà 1834, wọ́n tì í mọ́lé nítorí gbèsè ọ̀gá rẹ̀, wọ́n fẹ́ tà á ní gbàǹjo. Síbẹ̀, àwọn èèyàn rẹ̀ ń wá kúnlẹ̀ gba àdúrà lẹ́wọ̀n.

Ní òru 24 Jánúárì 1835, nínú oṣù Rámádáánì, àwọn Mùsùlùmí dìde ogun. Wọ́n gbìyànjú láti tú u sílẹ̀, kò bọ́ sí i.

Níwájú adájọ́, Bilal ló pe ara rẹ̀, orúkọ ẹrú tí wọ́n fi òkúta tẹ̀ láyà ní Mẹ́kà tí kò kọ Ọlọ́hun. Kò tú àṣírí ẹnì kankan. Pàṣán 1,200 ní gbangba ni ìdájọ́ rẹ̀.

Àwa tí ẹnikẹ́ni kò dè, ṣé ó yẹ ká máa tijú orúkọ Mùsùlùmí wa? Kí Ọlọ́hun kẹ́ Àáfà wa. Àmín.