Àjàyí Crowther àti Asano aya rẹ̀

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ọ̀pọ̀ yín ti gbọ́ orúkọ Àjàyí Crowther. Òun ni aṣáájú àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló gbé ẹrù iṣẹ́ náà. Aya rẹ̀ bá a gbé e. Ìtàn àwọn méjèèjì ni a ó kà lónìí.

A bí Àjàyí ní Òṣoògùn, ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ní nǹkan bí ọdún 1807. Ní ọdún 1821, ogun dé. Àwọn ọmọ ogun sun ìlú, wọ́n sì kó Àjàyí, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ lẹ́rú. Wọ́n pín wọn. Ìyá gba ọ̀nà kan, ọmọ gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ta Àjàyí láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, àwọn Potogí kó o sínú ọkọ̀ ojú omi. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú ọkọ̀ náà lójú òkun. Wọ́n kó àwọn ẹrú inú rẹ̀ lọ sí Freetown ní Sàró, wọ́n sì dá wọn sílẹ̀.

Wọ́n kó Asano náà lẹ́rú nígbà tó wà lọ́mọdé. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló gba òun náà là. Ní Sàró, àwọn méjèèjì kọ́ ìwé, wọ́n sì gba ìrìbọmi. Àjàyí di Samuel Crowther, Asano di Susan. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 1829. Olùkọ́ ni tọkọtaya náà, Ọlọ́run sì fún wọn ní ọmọ.

Ní ọdún 1843, wọ́n fi Àjàyí joyè àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà náà, àwọn ará Sàró ti ń padà sílé, sí Abẹ́òkúta, wọ́n sì ń fẹ́ olùkọ́. Ta ni yóò lọ?

Ẹ jẹ́ ká rò ó wò. Tọkọtaya yìí ti lo ọdún 15 pọ̀. Wọ́n ní ilé, wọ́n ní iṣẹ́, ọkàn wọn balẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ogun kò tíì tán, a sì ń ta ènìyàn síbẹ̀. Bí ogun bá kó wọn, ẹrú ni wọn yóò tún dà, àwọn àti ọmọ wọn. Síbẹ̀ wọ́n gbà láti lọ. Ní oṣù kejìlá ọdún 1844, ọkọ àti aya wọ ọkọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1845, wọ́n gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, nítòsí Àjàṣẹ́.

Ọ̀nà kò là. Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá tó ń retí wọn, ti kú. Ogun dí ọ̀nà Abẹ́òkúta. Ikú mú ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn òyìnbó tí wọ́n jọ wá. Wọ́n dúró ní Àgbádárìgì fún ọdún kan àti ààbọ̀. Wọn kò káwọ́ gbera, wọ́n ń wàásù, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọdé.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, wọ́n dé Abẹ́òkúta. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà, ìyá arúgbó kan wọlé tọ Àjàyí wá. Afálà ìyá rẹ̀ ni! Ó ti tó ọdún 25 tí wọ́n ti rí ara wọn. Wọ́n di ara wọn mú, wọn kò lè sọ̀rọ̀, ojú ni wọ́n fi ń wo ara wọn. Bí tọkọtaya náà bá ti jókòó sí Sàró, bóyá ìyá àti ọmọ kì bá tún fojú kan ara wọn mọ́. Ní ọdún 1848, Afálà gba ìrìbọmi.

Ní ọdún 1853, Àjàyí wá sí Kétu, ọba sì gbà á dáadáa. Lẹ́yìn náà ó lọ ṣiṣẹ́ lórí Odò Ọya. Ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé ó lé ní ọdún kan kó tó padà wálé. Asano fara dà á. Ní ọdún 1864, Àjàyí di bíṣọ́ọ̀bù, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì fi jẹ oyè náà.

Asano kú ní ọdún 1880. Ọdún 51 ni wọ́n fi jẹ́ tọkọtaya. Àjàyí kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1884, odindi Bíbélì jáde ní èdè Yorùbá. Ọjọ́ ogbó rẹ̀ kò rọrùn, nítorí ní ọdún 1890 àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì lé ọ̀pọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kúrò. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí ọkọ àti aya bá fi ìmọ̀ ṣọ̀kan, ẹrù tó wúwo á ṣeé gbé.

Ìbéèrè
1. Ọdún mélòó ni Àjàyí fi wà láìrí ìyá rẹ̀?
2. Kí ló lè ba tọkọtaya náà lẹ́rù kí wọ́n tó kúrò ní Sàró?
3. Bí ó bá jẹ́ ìwọ àti ẹnìkejì rẹ, ṣé ẹ óò lọ? Sọ ìdí rẹ̀.