James Watt: Ẹni tó kọ́ ẹ̀rọ láti máa ṣọ́ ara rẹ̀

Ìlú Greenock, nílẹ̀ Scotland, ni wọ́n ti bí James Watt lọ́jọ́ 19, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1736. Ọmọ aláìlera ni, òwò bàbá rẹ̀ sì dojú rú nígbà tó ń dàgbà. Lọ́dún 1755, ó gba London lọ láti kọ́ iṣẹ́ ohun èlò ìwọ̀n. Nígbà tó padà, Yunifásítì Glasgow fún un ní yàrá tó ti ń ṣiṣẹ́.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé àwòṣe ẹ̀rọ Newcomen, tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́, fún un pé kó tún un ṣe. Ó rí i pé ẹ̀rọ náà ń fi èédú ṣòfò, nítorí pé inú àgbá kan náà ni ooru ti ń gbóná tó sì ti ń tutù. Lọ́dún 1765, ó ronú kan àgbá ọ̀tọ̀ tí ooru yóò ti máa tutù. Ṣùgbọ́n owó kò sí. John Roebuck tó ń ràn án lọ́wọ́ wọ gbèsè. Lọ́dún 1773, Margaret aya rẹ̀ kú. Ọdún 1775 ni Matthew Boulton di alábàáṣe rẹ̀ ní Birmingham, tí nǹkan fi wá ṣẹnuure.

Ìṣòro kan ṣì kù. Bí ẹrù ẹ̀rọ bá fúyẹ́, yóò sáré àsápajúdé. Bí ó bá wúwo, yóò rọ. Èèyàn ní láti dúró tì í. Boulton rí ohun tí àwọn ọlọ́lọ ń lò, ó sì sọ fún Watt, ẹni tó so ó mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́dún 1788. Bọ́ọ̀lù irin méjì ni, tó ń yí pẹ̀lú ẹ̀rọ. Bí eré bá pọ̀ jù, wọn á fẹ̀ síta, wọn á sì fa ọ̀nà ooru pa dé; bí eré bá dín, wọn á wálẹ̀, ọ̀nà á sì ṣí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lèèyàn pàṣẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ ló ń ṣọ́ ara rẹ̀.

Watt, tó di ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí àgbá ọ̀tọ̀ náà mú ṣinṣin títí di ọdún 1800, kò pe èyí ní ti ara rẹ̀. Àwọn ọlọ́lọ ló ṣáájú. Ó kú lọ́jọ́ 25, oṣù kẹjọ, ọdún 1819, lẹ́ni ọdún 83.

Irú èrò yìí ló wà nínú ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ wa: bí a bá tan fáànù kún un, yóò fa epo sí i fúnra rẹ̀. Ó wà nínú kọ̀ǹpútà náà. Ẹni tó ń fi Excel ṣírò owó ọjà kò ní láti ṣe àròpọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí iye kan bá ti yí padà, àròpọ̀ náà yóò yí padà. Àṣẹ ti wà nílẹ̀, ìyípadà ló ń jí i.