Ladi Kwali, Amọ̀kòkò Tí Àwòrán Rẹ̀ Wà Lórí Owó Wa

Ẹni tí ó bá ní owó ₦20 lọ́wọ́, kí ó yọ ọ́ jáde, kí ó sì yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè. Yóò rí obìnrin kan níbẹ̀ tí ó dojú kọ ìkòkò amọ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ sì wà lẹ́nu iṣẹ́. Láti ọdún 2007 tí ìjọba ti sọ owó náà di olónírọ́bà ni àwòrán yìí ti ń ti ọwọ́ ìyá aláta bọ́ sí ọwọ́ awakọ̀, láti ọwọ́ awakọ̀ bọ́ sí ọwọ́ ọmọ ilé ìwé. Mo ti bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi léèrè rí pé ta ni obìnrin náà. Àwọn kan ní ìyá tí ó ń ta àmù ni. Àwọn mìíràn ní ẹ̀ṣọ́ lásán ni àwọn tí ó tẹ owó fi í ṣe. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó dárúkọ rẹ̀, òun náà kò sì mọ̀ ju orúkọ yẹn lọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí pé iṣẹ́ tí obìnrin yìí ṣe kì í ṣe iṣẹ́ àjèjì sí àwa Yorùbá. Ìpetumodù ń ṣe é, Ìsàn-Èkìtì ń ṣe é, Òkèlele ní Ìlọrin sì ń ṣe é. Ìyá Màpó tí àwọn baba wa ń bọ ní Ìgbẹ́tì kò ṣàì jẹ́ alábòójútó irú iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin bẹ́ẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1925 ni a bí i ní Kwali, abúlé àwọn ènìyàn Gbagyi tí àwọn Hausa ń pè ní Gwari. Kwali wà lára ilẹ̀ Olú-Ìlú Àpapọ̀ wa ní Àbújá lónìí, ṣùgbọ́n nígbà náà abẹ́ ẹmíà Abuja àtijọ́ ni ó wà, ìyẹn ìlú tí a yí orúkọ rẹ̀ padà sí Suleja nígbà tí ìjọba mú orúkọ Abuja fún olú-ìlú tuntun. Ladi ni orúkọ tí àwọn Hausa ń fún ọmọbìnrin tí a bí ní ọjọ́ Àìkú, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń sọ ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Abọ́sẹ̀dé. Kwali tí a fi kún un kì í ṣe orúkọ bàbá. Orúkọ abúlé rẹ̀ ni. Nítorí náà, nígbàkígbà tí ayé bá pe orúkọ obìnrin yìí, ìlú rẹ̀ ni wọ́n ń pè mọ́ ọn.

Láàárín àwọn Gbagyi, bí ó ti rí láàárín tiwa, iṣẹ́ obìnrin ni ìkòkò mímọ. Ọ̀dọ̀ obìnrin kan nínú ẹbí rẹ̀ ni Ladi ti kọ́ ọ ní kékeré, ẹni tí òyìnbó yóò pè ní àǹtí ṣùgbọ́n tí àwa yóò pè ní ìyá láìṣe àlàyé kankan. Ẹ̀kọ́ náà kò ní ilé ìwé, kò ní ọjọ́ ìwọlé, kò sì ní ìwé ẹ̀rí. Ẹni tí ó bá dàgbà sí ìlú amọ̀kòkò mọ bí ó ti ń rí. Ọmọbìnrin kì í bá ìkòkò bẹ̀rẹ̀. Amọ̀ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀. Yóò bá àgbà lọ sí ibi tí a ti ń wà á, yóò rù ú wálé, yóò gún un, yóò ṣa òkúta àti gbòǹgbò kúrò nínú rẹ̀, yóò fi omi rin ín, yóò sì pò ó títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ ìgbà tí ó tó. Kò sí ẹni tí yóò sọ fún un pé ó ti tó. Bí kò bá tó, ìkòkò yóò là nígbà tí ó bá ń gbẹ, tàbí kí ó bú gbàù nínú iná, gbogbo wàhálà ọ̀sẹ̀ kan a sì di àpáàdì. Iná ni ó ń ṣe ìdánwò, kì í sì í ṣe ojúsàájú.

Ọ̀nà tí àwọn Gbagyi ń gbà mọ ìkòkò ńlá yẹ fún wíwò. Amọ̀kòkò kì í jókòó, kì í sì í yí ìkòkò. Ìkòkò ni ó dúró lójú kan. Òun fúnra rẹ̀, lórí ìdúró, ni ó ń fi ẹ̀yìn rìn yí i ká. Yóò ki ìkúùkù bọ inú ìṣù amọ̀ títí ikùn ìkòkò yóò fi là, yóò fi pátákó pẹlẹbẹ lù ú láti inú kí ó lè fẹ̀, yóò sì máa fi amọ̀ tí a yí gbọọrọ bí okùn lé etí rẹ̀ títí yóò fi ga. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀ṣọ́. Igi kékeré tí a gbẹ́ ní àgbékà, tàbí okùn lílọ́, ni a ń yí gbirigbiri lórí amọ̀ tútù kí ó lè fi àmì sílẹ̀ yí ìkòkò ká. Àwọn ẹranko ni Ladi fẹ́ràn láti fi sí àárín àmì wọ̀nyí: alángbá, ọ̀ọ̀nì, àkeekèé, ejò, agẹmọ, ẹja àti ẹyẹ. Ó ń fà wọ́n pẹ̀lú ìlà tí kò wárìrì, láìkọ́kọ́ yà wọ́n síbì kankan. Òṣèlẹ̀rẹ̀ kò lè ṣe é. Ọwọ́ tí ó bá ń fa irú ìlà bẹ́ẹ̀ ti fa ọgọ́rọ̀ọ̀rún sẹ́yìn.

Kí ó tó pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni òkìkí rẹ̀ ti kàn ní agbègbè náà. Àwọn ará ilé rẹ̀ sọ pé àwọn oníbàárà a máa ra ìkòkò rẹ̀ tán kí ó tó gbé e dé ọjà. Ẹmíà Abuja, Alhaji Suleiman Barau, rà nínú wọn, ó sì gbé wọn sí ààfin rẹ̀. Ibẹ̀ ni òyìnbó kan ti rí wọn ní ọdún 1950.

Michael Cardew ni orúkọ òyìnbó náà, amọ̀kòkò ni òun pẹ̀lú. A bí i ní ọdún 1901 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bernard Leach ní ìlú St Ives láti ọdún 1923. Ó ti ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Ghana lónìí kí ìjọba amúnisìn tó fi í jẹ́ òṣìṣẹ́ tí yóò mójú tó iṣẹ́ ìkòkò ní Nàìjíríà. Èrò ìjọba ni pé kí a lè máa ṣe àwo àti ife dídán nílé, dípò tánganran tí ọkọ̀ ojú omi ń kó wá. Ní ọdún 1952 ni Cardew dá Ibùdó Ìkọ́ṣẹ́ Ìkòkò sílẹ̀ ní Abuja, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ni ó sì kó jọ síbẹ̀. Wọ́n ń kọ́ bí a ti ń fi kẹ̀kẹ́ mọ ìkòkò, irú kẹ̀kẹ́ tí àwọn tí ó ń ka Bíbélì ti mọ̀ nínú ìwé Jeremáyà, bí a ti ń bu èròjà tí yóò yọ́, tí yóò sì dán bíi gíláàsì sí i lára, àti bí a ti ń sun ún nínú ààrò onígi tí ooru rẹ̀ ju 1,200 lọ lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì. Iná ìta gbangba tí àwọn ìyá wa fi ń sun ìkòkò kò súnmọ́ ìyẹn.

Ní ọdún 1954 Ladi wọ ibùdó yìí, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á ro ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ọ̀gá ni ní abúlé rẹ̀. Ọba ń ra iṣẹ́ rẹ̀. Ó wá dé àárín àwọn ọmọkùnrin tí kò tíì mọ amọ̀ tó o, ó sì tún di akẹ́kọ̀ọ́. Ó kọ́ kẹ̀kẹ́, ó fi mọ abọ́ àti àwo. Ó kọ́ bí a ti ń ri ohun èlò bọ inú omi amọ̀ funfun tàbí pupa, kí a sì fi ẹ̀gún ara òòrẹ̀ ha ìlà sí i kí àwọ̀ ìsàlẹ̀ lè yọ. Síbẹ̀ kò jọ̀wọ́ ohun tí ó bá wá. Ìkòkò ńláńlá rẹ̀, ọwọ́ ni ó ṣì ń fi mọ ọ́n, ẹ̀yìn ni ó ṣì ń fi rìn yí i ká gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ. Nígbà tí ó bá parí, yóò fi omi amọ̀ funfun dí ojú ìlà alángbá àti àkeekèé, a ó wá fi èròjà dídán bò ó, a ó sì sun ún nínú ààrò Cardew. Ara ìkòkò a ṣókùnkùn, a fẹ́ dà bí ewé, àwọn ẹranko a sì mọ́lẹ̀ lára rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú.

Àwọn òǹkọ̀wé kan fẹ́ràn láti sọ pé Cardew ni ó ṣàwárí Ladi Kwali. N kò gbà. A kì í ṣàwárí ohun tí ó ti wà láàfin ọba. Àwọn tí ó ń bá a ra ìkòkò lójú ọ̀nà ọjà kò dúró de òyìnbó kí wọ́n tó mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ ṣòótọ́, a gbọ́dọ̀ sọ èyí náà: láìsí ibùdó yẹn, orúkọ rẹ̀ ìbá má kọjá àwọn abúlé tí ó yí Kwali ká, bí orúkọ àìmọye amọ̀kòkò Yorùbá kò ti kọjá ọjà tí wọ́n ń ná. Ìyìn kan sì tún tọ́ sí Cardew. Ó ní agbára láti ní kí obìnrin náà pa iṣẹ́ ìyá rẹ̀ tì, kí ó máa mọ ife fún àwọn òyìnbó. Kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Nǹkan kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí mo máa ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi jà lé lórí. Gbogbo ẹni tí ó ti mu omi àmù rí mọ̀ pé àmù máa ń làágùn. Omi ń yọ díẹ̀díẹ̀ láti ara amọ̀, afẹ́fẹ́ ń gbẹ ẹ́, èyí tí ó wà nínú rẹ̀ a sì tutù. Nígbà tí a bá fi èròjà dídán bo ìkòkò, tí a sì fi iná líle sun ún, ihò wẹ́wẹ́ wọ̀nyẹn di. Kò lè làágùn mọ́, omi inú rẹ̀ kò sì ní tutù bíi ti àmù. Ìkòkò omi tí Ladi ń mọ ní Abuja ní ìrísí ìkòkò omi, ṣùgbọ́n ó ti kúrò nínú ilé ìdáná. Ó ti di ohun tí a ń wò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan sọ pé àdánù ni, pé a gba ìkòkò lọ́wọ́ ẹni tí ó ń lò ó, a gbé e fún olówó. Àwọn mìíràn sọ pé àmù abúlé a fọ́ láàárín ọdún díẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ó wà ní Victoria and Albert Museum ní London yóò wà pẹ́. Ọ̀rọ̀ àwọn ti àkọ́kọ́ ni ó wọ̀ mí lára jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́ èyí tí ó wà ní London.

Ní London ni òkìkí náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í tàn. A pàtẹ iṣẹ́ ibùdó Abuja ní Berkeley Galleries ní ọdún 1958, 1959 àti 1962, ìkòkò Ladi ni àwọn ènìyàn sì ń yí ká jù. Ní ọdún 1961 ó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì mọ ìkòkò lójú àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ní ìlú Farnham àti ní Wenford Bridge, ibi iṣẹ́ Cardew. Àwọn tí ó ti gbà pé kò sí bí ìkòkò ti lè rí roboto láìsí kẹ̀kẹ́ dúró, wọ́n ń wo obìnrin tí ó ń yí ìkòkò ká pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1972, lẹ́yìn tí Cardew ti fẹ̀yìn tì ní 1965, àwọn méjèèjì àti Kofi Athey tí ó jẹ́ ọmọ Ghana rìnrìn àjò kan náà yí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ká.

Oyè kò gbẹ́yìn. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ní ọdún 1977, Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria fi oyè ọ̀mọ̀wé dá obìnrin tí kò ka ìwé yìí lọ́lá. Èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún jókòó ti ìwé kí n tó gba tèmi, n kò jowú rẹ̀. Bí a bá ka ọdún tí ó fi kọ́ṣẹ́, tirẹ̀ ju tèmi lọ fíìfíì. Ní 1980 orílẹ̀-èdè wa fún un ní ẹ̀bùn àṣeyọrí tí ó ga jù, èyí tí a ń fún àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀, oyè OON sì tẹ̀lé e ní 1981. A tún fi orúkọ rẹ̀ sọ ibùdó ìkòkò Suleja.

Nígbà tí ó fi wà níbẹ̀, àwọn obìnrin Gbagyi mìíràn ti wá bá a: Halima Audu, Asibi Ido àti Kande Ushafa wà lára wọn. Wọ́n ní yàrá tiwọn tí à ń pè ní Dakin Gwari, ìyẹn yàrá àwọn Gwari, níbi tí kẹ̀kẹ́ kò ti ní iṣẹ́. Ní ọdún 1974 ọ̀dọ́bìnrin ará Kenya kan, Magdalene Odundo, tí ó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Farnham, wá sí ibùdó náà nítorí pé Cardew gbà á nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ó kọ́ bí a ti ń fi ọwọ́ lásán mọ ìkòkò lọ́dọ̀ àwọn ìyá wọ̀nyí, ọwọ́ ni ó sì fi mọ àwọn ìkòkò tí ó sọ ọ́ di olókìkí káàkiri àgbáyé.

Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹjọ ọdún 1984 ni Ladi Kwali jáde láyé ní Minna. Cardew ti ṣáájú rẹ̀ lọ ní 1983.