Bobby Benson

Bernard Ọlábínjó Benson, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Bobby Benson (11 oṣù kẹrin ọdún 1922 – 14 oṣù karùn-ún ọdún 1983), jẹ́ olórin, afunfèrè, atajìtá, aláwàdà àti onílé ijó, ọmọ bíbí ìlú Ìkòròdú ní Ìpínlẹ̀ Èkó, orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ó wà lára àwọn tí wọ́n fi ìdí orin highlife múlẹ̀ ní ìlú Èkó lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Òun ni ó sì ni Caban Bamboo, ilé ijó alẹ́ ní Òpópónà Ìkòròdú tí òkìkí rẹ̀ kàn dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀

Ìdílé tí ó lórúkọ ni ìdílé Benson ní Ìkòròdú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Olóyè T.O.S. Benson, agbẹjọ́rò àti olóṣèlú tí ó di mínísítà fún ètò ìròyìn nínú ìjọba àpapọ̀ lẹ́yìn òmìnira. Nínú irú ìdílé bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ òfin, iṣẹ́ ìjọba tàbí òwò ni àwọn òbí sábà máa ń retí lọ́wọ́ ọmọ. Alágbe ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe ẹni tí ó bá fi orin kíkọ ṣe iṣẹ́ òòjọ́.

Benson kò ti ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ sí ìdí orin tààrà. Lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ girama, ó kọ́ iṣẹ́ télọ̀, ó sì kan ẹ̀ṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó di atukọ̀ lójú òkun. Ní ọdún 1944, ó fi ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀n, ó sì dara pọ̀ mọ́ Negro Ballet, ẹgbẹ́ oníjó àwọn aláwọ̀ dúdú. Ó bá ẹgbẹ́ náà ṣeré káàkiri àwọn olú-ìlú ilẹ̀ Yúróòpù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti pàdé Cassandra, obìnrin tí ìran rẹ̀ jẹ́ àdàpọ̀ ti Scotland àti ti àwọn erékùṣù Caribbean, ó sì fi í ṣe aya.

Ìpadàbọ̀ sí Èkó

Ní ọdún 1947, tọkọtaya náà padà sí Nàìjíríà, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ Bobby Benson and Cassandra Theatrical Party sílẹ̀. Benson ń ta jìtá, ó sì ń fun saxophone, Cassandra sì ń jó. Eré orí ìtàgé kò ṣàjèjì sí àwọn ará Èkó nígbà náà, nítorí láti ọdún 1944 ni Hubert Ògúndé ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé eré tirẹ̀ jáde. Ohun tí ó mú eré Benson yàtọ̀ ni pé orin, ijó, àwàdà àti idán pípa wà pọ̀ nínú rẹ̀, bí ó ti rí i ní àwọn ìtàgé òkè òkun.

Díẹ̀díẹ̀ ni orin gba iwájú lọ́wọ́ eré. Ẹgbẹ́ náà di Bobby Benson Jam Session Orchestra, ẹgbẹ́ olórin ẹlẹ́ni mọ́kànlá tí ń lu swing, jive, samba àti calypso. Benson wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi jìtá tí ń lo iná mànàmáná hàn ní ìlú Èkó. Kò pẹ́ tí àwọn olórin jùjú náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í lo irú jìtá bẹ́ẹ̀, ohùn orin wọn sì yí padà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, E.T. Mensah àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Tempos, wá ṣeré ní Nàìjíríà láti Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà lónìí. Highlife ni wọ́n gbé wá, àwọn ará Èkó sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Benson rí i pé orin tí ó fi ohun èèlò òkèèrè gbé ìlù àti èdè ilẹ̀ ẹni jáde ni àwọn ènìyàn fẹ́ jó sí. Ó yí orin rẹ̀ sí highlife, àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ní Èkó náà sì gba ọ̀nà kan náà.

Lára àwọn orin rẹ̀ ni Gentleman Bobby, Niger Mambo àti Nylon Dress. Taxi Driver ni ó gbajúmọ̀ jùlọ. Nínú orin yìí, ó fi àwàdà àti Gẹ̀ẹ́sì àdàmọ̀dì sọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti ìgbéyàwó lọ́nà tí onímọ̀ àti púrúǹtù jọ gbádùn. Àwọn olórin ṣì ń kọ ọ́ títí di òní.

Caban Bamboo

Ní àkókò yẹn, ọwọ́ onílé ijó àti oníhòtẹ́ẹ̀lì ni agbára wà nínú òwò orin highlife. Onílé ijó ni ó ń pe ẹgbẹ́ olórin wá, òun ni ó sì ń gba owó ẹnu ọ̀nà àti owó ọtí. Níbòmíràn, òun gan-an ni ó ni ìlù, fèrè àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí ẹgbẹ́ ń lò. Bí olórin bá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ọwọ́ òfìfo ni yóò bá lọ.

Benson fi Caban Bamboo yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ètò yìí. Ilé ijó náà wà ní apá Èkó tí kì í ṣe erékùṣù, ní Òpópónà Ìkòròdú, ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí ìlú àwọn baba rẹ̀. Níbẹ̀, òun ni olórin, òun ni atọ́kùn, òun sì ni onílé. Ẹni tí ó bá lọ síbẹ̀ lálẹ́ kì í bá ijó nìkan pàdé, nítorí Benson tún máa ń pa àwàdà, a sì máa pidán. Nígbà tí ó yá, ó sọ ibẹ̀ di ilé ìtura, ó sì pè é ní Hotel Bobby.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1961, ẹgbẹ́ American Society of African Culture kó àwọn òṣèré aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà wá sí Èkó fún àjọ̀dún kan. Akéwì Langston Hughes wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ ni olórin Nina Simone àti Randy Weston, atẹdùùrù jazz láti Brooklyn. Weston mọ Benson, ó sì mọ ilé ijó rẹ̀. Ní ọdún 1963, nígbà tí ó ṣe àwo orin kan láti fi yẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tuntun ilẹ̀ Áfíríkà sí, ó lo Niger Mambo tí Benson ṣe, ó sì pe orin mìíràn tí òun fúnra rẹ̀ ṣe ní Caban Bamboo Highlife.

Ẹgbẹ́ àwọn olórin

Benson wà lára àwọn aṣáájú Nigerian Union of Musicians, ẹgbẹ́ tí ó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn olórin. Nígbà tí òmìnira ọdún 1960 ń bọ̀, ẹgbẹ́ náà tako ètò láti gbé ẹgbẹ́ olórin Edmundo Ros wá láti Lọ́ńdọ̀n fún ayẹyẹ náà. Ẹgbẹ́ olórin Victor Ọláìyá, tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ Benson rí, ṣeré níbi ijó tí ìjọba ṣe fún òmìnira.

Ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀

Ogun abẹ́lé tí ó wáyé láàárín ọdún 1967 sí 1970 ṣe highlife lọ́ṣẹ́ ní Èkó, nítorí ọ̀pọ̀ olórin tí wọ́n jẹ́ ọmọ apá Ìlà-Oòrùn ni wọ́n fi ìlú náà sílẹ̀. Orin jùjú gba ipò iwájú. Benson kò tìtorí bẹ́ẹ̀ fi ìtàgé sílẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, ó ní ètò tirẹ̀ lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, níbi tí ó ti ń kọrin, tí ó ń dẹ́rìn-ín pa àwọn ènìyàn, tí ó sì ń pidán. Ó di olóògbé ní ìlú Èkó ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún ọdún 1983. Ọmọ rẹ̀, Tony Benson, náà di olórin.

Ipa tí ó kó

Ọ̀pọ̀ olórin ni ó ti ọ̀dọ̀ Benson jáde. Ọláìyá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì dá ẹgbẹ́ Cool Cats sílẹ̀ ní ọdún 1954. Eddie Okonta, tí òun náà ń fun fèrè, di ìlú-mọ̀ọ́ká ní Ìbàdàn pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, Top Aces. Zeal Onyia náà jẹ́ ọ̀kan lára wọn.

Kí olórin ní ibi ìṣeré tirẹ̀ di ohun tí a tún rí lẹ́yìn Benson. Ọláìyá ní Stadium Hotel ní Súrùlérè. Fẹlá Aníkúlápó Kútì, tí ó ti bá Cool Cats ṣeré nígbà èwe rẹ̀, dá Afrika Shrine sílẹ̀ ní Ìdí-Òro ní àwọn ọdún 1970. Níbẹ̀, ó kọ orin tí kò sí onílé ijó kankan tí ì bá jẹ́ gbà á láyè láti kọ.