Ẹfúnróyè Tinúbú àti Òwò Ẹ̀tù

Nǹkan mẹ́ta ni a fi ń po ẹ̀tù ìbọn tí àwọn baba wa ní ilẹ̀ Ìgbómìnà fi ṣọdẹ, tí wọ́n sì fi jagun: saltpetre, èédú àti imí-ọjọ́. Nínú ìwọ̀n 100, imí-ọjọ́ kì í ju nǹkan bí 10 lọ, ṣùgbọ́n òun ni ó ń mú kí ẹ̀tù tètè gbiná. Ní ayé ogun, erékùṣù Sísílì, lẹ́bàá ilẹ̀ Ítálì, ni ọ̀pọ̀ imí-ọjọ́ tí àwọn òyìnbó ń lò ti ń wá. Wọn a po ó di ẹ̀tù, wọn a rọ ọ́ sínú àgbá, ọkọ̀ a sì gbé e wá sí etíkun wa. Nítorí náà, ẹni tí ó bá di ojú òkun mú ni ó di ẹ̀tù mú. Obìnrin kan mọ èyí ju ọ̀pọ̀ ọba lọ.

Ọmọ Ẹ̀gbá ni Tinúbú. Ó bá ọkọ rẹ̀, Ọba Adélé, lọ sí Àgbádárìgì, níbi tí ó ti ń ta tábà àti iyọ̀, tí ó sì ń bá àwọn òyìnbó ra ìbọn àti ẹ̀tù. Kò yẹ kí a fi pamọ́ fún yín pé ó ta ẹrú pẹ̀lú. Ẹ̀tù ni wọ́n fi ń kó ènìyàn, ènìyàn ni wọ́n fi ń ra ẹ̀tù. Inú òwò yìí ni ọrọ̀ rẹ̀ ti wá.

Nígbà tí Akíntóyè padà sórí oyè ní 1851, agbára Tinúbú pọ̀ ní Èkó. Ó pọ̀ jù lójú Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tí ó mú kí wọ́n lé e jáde ní 1856. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ rò pé ó ti parí fún un. Ó kó òwò rẹ̀ lọ sí Abẹ́òkúta.

Nígbà ogun Ìjàyè, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1860, Ẹ̀gbá dí ọ̀nà etíkun mọ́ Ìbàdàn. Ẹ̀tù sì di ohun àwátì fún wọn. Ní oṣù Mars 1864, Gẹ̀lẹ̀lẹ̀, ọba Dàhọ̀mì, kógun dé ẹnu odi Abẹ́òkúta. Tinúbú pín ẹ̀tù àti ọta fún àwọn jagunjagun. Dàhọ̀mì sá, Ẹ̀gbá sì fi í jẹ Ìyálóde lọ́dún náà.

Ó kú ní Abẹ́òkúta ní 1887. Ogun Kírìjì, tí àwọn ará Ìgbómìnà bá Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jà, kò tí ì túká pátápátá nígbà náà. Ọ̀nà Oǹdó ni ẹ̀tù tiwọn ń gbà wá láti Èkó.